Ààlè Orí Àyè Ìkẹyìn

Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Mẹ́kà, èèyàn méjì ló sì mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kìíní ni Ìyá Sẹ̀gilọlá, arúgbó tó ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba. Ẹnì kejì ni Gàfárù, oníṣòwò aṣọ ní Gbági. Ìwé méjèèjì mọ́, òǹtẹ̀ wà lára méjèèjì, ẹ̀rọ kan náà ló sì tẹ̀ wọ́n jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà.

Alhaji Sàláúdéènì, tó ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti gba ìwé náà ní Bẹẹrẹ, kò fi ọ̀rọ̀ náà da ara rẹ̀ láàmú rárá. Ó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, ó nawọ́ sí ọmọkùnrin tó kọ prógíráàmù tí kọ̀ǹpútà wọn ń lò, ó ní, "Olè náà rèé. Ẹ máa mú un lọ."

Gàníyù lorúkọ ọmọkùnrin náà. Èmi Kọ́púrà Joseph ni mo fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é. Ọmọ agboolé kan náà ni òun àti Gàfárù ní Bẹyẹrúnkà. Àbúrò bàbá rẹ̀ gan-an ni Gàfárù. Gàníyù nìkan ló mọ inú ẹ̀rọ náà. Kí ni ọlọ́pàá tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn? Ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa gbé e lọ ní ọjọ́ kejì, ẹ̀wọ̀n ló sì kàn.

Ọ̀gá mi, Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọ̀ṣunlọlá, ló ṣì ń wá nǹkan. Obìnrin náà kì í kánjú, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú. Nígbà tí mo ti fẹ́ ti Gàníyù sínú ọkọ̀, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ló dúró sí, tó ń wo òkìtì pákó kan ní òdìkejì títì.

"Joseph, kí ni wọ́n fi sórí pákó yẹn?"

Mo wò ó. Ṣùkù àgbàdo ni, tí wọ́n fi àkísà pupa so mọ́ àjẹkù ìgbálẹ̀.

"Ààlè ni, mà. Ẹni tó ti rà á ló fi síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbé e."

"Ó dáa," ló wí. Ó wọlé padà, ó lọ jókòó ti Ìyá Sẹ̀gilọlá lórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Òo, ọmọ mi. Ṣé ẹ máa fún mi ní àyè mi? Àbúrò mi ọkùnrin ti gba tiẹ̀, òun ló sì máa mú mi dání."

"A máa wádìí rẹ̀. Ta ló kọ orúkọ yín sílẹ̀?"

"Ọmọ tí ẹ so lọ́wọ́ yẹn náà ni. Ọmọ dáadáa ni o. Ó ní ọdún wo ni wọ́n bí mi, mo ní ọdún tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn Mápó ni, tí ìyá mi ń fi oyún mi ru iyanrìn gun òkè. Ló bá ní ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Mo ní ṣé èmi ni mo kọ́ ọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò bínú o. A jọ ń ṣírò rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ ti ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ lé ìyá mi, mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi tó kú, ó ń fi wọ́n wá ọdún náà. Ó pẹ́ gan-an ká tó rí i."

"Ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú ẹ̀rọ náà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀?"

"Ó ń tàn yòò."

Ọ̀gá mi dúpẹ́, ó dìde. Mi ò rí ohun tó wúlò nínú ìtàn bí wọ́n ṣe bí arúgbó.

*

Àgọ́ wa kò jìnnà sí ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Ọ̀gá mi ní kí n tú Gàníyù lọ́wọ́, ó sì bu omi fún un.

"Ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn fún mi, kó yé mi bí ẹni tí kò rí kọ̀ǹpútà rí."

"Ojú ẹ̀rọ méjì la ní, mà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi nínú yàrá, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Bọ́lájí níwájú. Inú àkójọ orúkọ kan náà làwa méjèèjì ń kọ sí. Bí a bá jọ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wàhálà dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe lock file."

"Kí nìyẹn?"

"Fáìlì kékeré kan ni, bí àgádágodo. Kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀ ju nọ́ńbà prógíráàmù tó ṣẹ̀dá rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ, prógíráàmù rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣẹ̀dá fáìlì yẹn. Bí ẹnì kejì bá dé tó bá a níbẹ̀, ẹ̀rọ á ní kó dúró, ẹnìkan ń kọ̀wé lọ́wọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá parí, á pa fáìlì náà rẹ́, ọ̀nà ti là nìyẹn."

"Bí àwọn méjèèjì bá dé ẹnu ọ̀nà pa pọ̀ ńkọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nìyẹn. "Kò sí wàhálà níbẹ̀, mà. Bí mo ṣe kọ ọ́ ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C, wíwò bóyá fáìlì wà níbẹ̀ àti ṣíṣẹ̀dá rẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ni. Kò sí àlàfo láàárín méjèèjì tí ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á kọ̀. Ẹnì kan ló máa ń wọlé."

"Bí iná bá lọ, tí ẹni tó wà nínú ilé kú síbẹ̀?"

"Mo ti rò ó. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà á ka nọ́ńbà inú fáìlì, á bi ẹ̀rọ bóyá prógíráàmù tó ni ín ṣì wà láàyè. Bó bá ti kú, á mú fáìlì náà kúrò, á sì fi tirẹ̀ síbẹ̀."

"Ṣé ẹlòmíràn lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́?"

"Èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó ń ṣí ibẹ̀, mà."

Mo wúkọ́. Ọ̀gá mi kò wò mí.

"Ìyẹn ni pé àgádágodo rẹ kò lè yẹ̀."

"Kò lè yẹ̀ láéláé."

"Gàníyù, ṣé o ń gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ ń sọ? Bí àgádágodo kò bá lè yẹ̀, tó sì jẹ́ ìwọ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, a jẹ́ pé ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún àbúrò bàbá rẹ."

Ọmọkùnrin náà gbé ife omi kalẹ̀. "Mi ò ṣí i, mà. Mo fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n kò lè yẹ̀."

Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń parọ́ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ wa. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fi ìgbéraga iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́lé rí.

*

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ iná wá. Mo ní bóyá NEPA mú iná lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé méjèèjì, tí ohun tí Gàníyù sọ nípa òkú prógíráàmù sì dojú rú. Ọ̀gá mi ní kí a lọ bi Ṣàngówálé, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ọ́fíìsì Alhaji.

"Iná lọ kẹ̀?" Ṣàngówálé gbé ẹ̀rọ ìgẹ̀run rẹ̀ sókè. "Lọ́jọ́ yẹn? Gbogbo orí tí mo gbé lọ́wọ́ ni mo fá tán. Ọjọ́ tí iná bá lọ, ẹ óò rí àwọn oníbàárà mi tó jókòó síta, tí ìdajì orí wọn dán, tí ìdajì kún fún irun, tí wọ́n ń bú NEPA. Ẹ bi gbogbo Bẹẹrẹ."

Iná kò lọ. Mo bá pa ẹnu mi mọ́.

A gba Gbági lọ bá Gàfárù. Àárín àǹkárá ló jókòó sí. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá mi, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ tún dé. Mo san owó mi, mo gba ìwé mi. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ má bínú, sà," ọ̀gá mi wí. "Ohun kan ló kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ló wà nínú yàrá. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ Bọ́lájí níwájú lẹ ti kọ orúkọ?"

Gàfárù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ẹ mọ agboolé wa? Bí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń lọ, ẹnìkan á fẹ́ tẹ̀sùbáà, òmíràn á fẹ́ omi Sámúsámù, àwọn kan á ní kí n bá àwọn ra góòlù, wọn ò sì ní fún mi ní kọ́bọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n kàn wò títí, kí wọ́n má rí mi mọ́. Bí Gàníyù bá fi gbọ́, ìyá rẹ̀ gbọ́ nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá sì gbọ́, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ mọ́. Nígbà tí Gàníyù yọjú síta lẹ́ẹ̀kan, fìlà ni mo fi bojú."

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá mi ní, "Joseph, ṣé o ti rí olè tó ń fi fìlà bojú fún ẹni tí wọ́n jọ ń jalè?"

"Ó lè máa parọ́, mà."

"Ó lè máa parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ parọ́ fún ọlọ́pàá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ́ ahun."

Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

*

Bọ́lájí, akọ̀wé iwájú, jẹ́ èèyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lábẹ́ tábìlì. Bí a ṣe ń bi í léèrè, ó ń to ìwé, ó ń kí ẹni tó ń kọjá, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Nígbà tí Gàfárù dé, ṣé kíá ni ẹ̀rọ gbà ẹ́ wọlé?" ọ̀gá mi bi í.

"Rárá mà. Ó kọ́kọ́ ní kí n dúró, ẹnìkan ń kọ̀wé. Gàníyù ni, òun àti ìyá arúgbó kan ń pìtàn."

"O wá dúró?"

"Èmi?" Bọ́lájí rẹ́rìn-ín. "Oníbàárà wà níwájú mi, mà. Mo jáde nínú prógíráàmù, mo tún padà wọlé. Ìgbà kejì ló gbà mí."

"Ó ti parí tiẹ̀ nígbà yẹn nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ohùn ìyá yẹn ṣì ń dún nínú yàrá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ á ní kí èèyàn dúró. Bí èèyàn bá ti jáde tó padà wọlé, á gbà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ọwọ́ tí ọ̀gá mi fi mú bírò dúró. "O sọ fún Gàníyù rí?"

"Kí n sọ kí ni fún un? Bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún èèyàn, ṣé èèyàn á tún lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun káfíńtà ni?"

Ọ̀gá mi pa ìwé rẹ̀ dé. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tún ń wo òkìtì pákó òdìkejì títì yẹn. Àkísà pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin kan dé, ó fọwọ́ kan pákó, ó rí ààlè, ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Wò ó dáadáa, Joseph. Kí ló ṣe sí ààlè náà kó tó lọ?"

"Kò ṣe nǹkan kan sí i, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí," ló wí.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ ilé ẹjọ́ tó dé, a mú Gàníyù padà sí Bẹẹrẹ. Alhaji Sàláúdéènì dúró ní apá kan, ó káwọ́ lẹ́yìn. Ìyá Sẹ̀gilọlá ti wà lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí Gàníyù jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kí èmi lọ sídìí ẹ̀rọ iwájú, kí Bọ́lájí sì dúró tì mí.

"Gàníyù, ṣe bí ẹni pé Ìyá ló tún dé. Wọlé, kí o má parí. Àgádágodo rẹ dà?"

Gàníyù tẹ nǹkan, ó sì ní kí ẹ̀rọ to orúkọ àwọn fáìlì fún òun. "Òun nìyí, mà. Nọ́ńbà mi ló wà nínú rẹ̀."

"Joseph, gbìyànjú kí o wọlé."

Mo tẹ ohun tí Bọ́lájí ní kí n tẹ̀. Lẹ́tà funfun jáde sójú ẹ̀rọ pé kí n dúró, ẹnìkan ń kọ̀wé lọ́wọ́. Mo kà á sókè.

"Ṣé ẹ rí i?" Gàníyù wí. Ohùn rẹ̀ lágbára díẹ̀. "Mo sọ fún yín. Kò lè yẹ̀."

"O sọ bẹ́ẹ̀. Joseph, jáde nínú prógíráàmù."

Mo jáde.

"Gàníyù, wo àgádágodo rẹ."

Ó tẹ nǹkan. Ó tún un tẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ láti ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, bí ó ṣe le gbandi.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́," ló wí.

"Ṣé ìwọ ti parí?"

"Mi ò tíì parí."

"Ta ló mú un kúrò?"

Ó ṣí ìwé prógíráàmù rẹ̀ sójú ẹ̀rọ, ó ń wá nǹkan kiri, ó dúró sí ibì kan.

"Ọ̀nà àbájáde kan ni mo ṣe," ló wí níkẹyìn. "Gbogbo ẹni tó bá ń jáde, ibẹ̀ ló ń gbà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń jáde, bó ti wù kó jáde, kó gbá ilé mọ́ kó tó lọ. Mo ní kó pa fáìlì náà rẹ́. Mi ò fẹ́ kí ìdọ̀tí kankan kù."

"Ẹni tí kò tíì wọlé ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ní kó dúró síta, tó wá ń padà lọ. Kí lòun ń gbá?"

Gàníyù fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ọ̀gá mi yíjú sí Alhaji. "Ẹ wo pákó òdìkejì yẹn, sà. Ẹni tó ni ín pa ààlè sí i. Ẹni tó bá dé tó rí ààlè, á padà lọ. Ààlè yẹn ò ní agbára kankan. Ṣùkù àgbàdo lásán ni. Ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tí kò pa á kì í fọwọ́ kàn án. Inú ẹ̀rọ yìí, Gàníyù kọ́ gbogbo ẹni tó ń padà lọ pé kí wọ́n mú ààlè onílé dání lọ. Bọ́lájí kò jalè. Ó jáde, ó fi ìjáde ká ààlè Ìyá kúrò láìmọ̀. Nígbà tó padà wọlé, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó rí àyè kan tó ṣófo. Gàníyù náà ṣì ń wo àyè kan náà, ó ń fi ọdún tí wọ́n kọ́ Mápó wá ọjọ́ orí Ìyá. Àwọn méjèèjì kọ ọ́."

Alhaji wo Gàníyù. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe olè."

"Ẹnu rẹ̀ la máa gbọ́ ọ," ọ̀gá mi wí. Ó fa àga sún mọ́ ọmọkùnrin náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Fetí sílẹ̀. Bí o bá tún sọ pé iṣẹ́ rẹ kò lè yẹ̀, ọkọ̀ ilé ẹjọ́ ń bọ̀. Bí o bá sọ pé ó yẹ̀, ilé lò ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ààlè rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni àyè náà. O mọ ẹni tó máa pàdánù."

Ó mọ̀ pé àbúrò bàbá òun ni. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo káàánú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ láìtijú.

"Ó yẹ̀," Gàníyù wí. "Àṣìṣe mi ni."

"Sọ ọ́ kí Alhaji gbọ́."

"Àṣìṣe mi ni, Alhaji."

Alhaji Sàláúdéènì mí kanlẹ̀. "Mo rò pé mo gba olè síṣẹ́ ni. Àṣé ẹni tó ń gbálẹ̀ kọjá ààlà ni. Tún un ṣe."

Iṣẹ́ náà kò pẹ́. Gàníyù ní òun ti kọ ọ́ báyìí pé prógíráàmù gbọ́dọ̀ rántí bóyá òun lòun ṣẹ̀dá fáìlì náà. Bí kì í bá ṣe òun, kó jáde láìfọwọ́ kàn án. Mo padà sídìí ẹ̀rọ iwájú. Ó ní kí n dúró. Mo jáde, mo padà wọlé. Ó ní kí n dúró. Bọ́lájí tì mí kúrò níbẹ̀, ó gbìyànjú tirẹ̀, ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde, títí ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ fi dà sílẹ̀.

"Ìgbà wo ló máa wá gbà mí?" ló kígbe sínú yàrá.

"Nígbà tí Ìyá bá parí," Gàníyù dáhùn.

Ọ̀gá mi ti ránṣẹ́ sí Gbági. Ó ní Gàníyù fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún Gàfárù, kì í ṣe ọlọ́pàá. Nígbà tí ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lápò, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, ó ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi ọ̀kankan pa mọ́.

Gàfárù gbọ́ ọ tán. Ó wo Ìyá Sẹ̀gilọlá, tó ti gbé àpò rẹ̀ lé itan.

"Bí mo bá gba ọ̀dọ̀ rẹ wọlé lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Ẹ̀ bá bá Ìyá lórí àga níwájú mi, Bàbá. Ǹ bá sọ fún yín pé àyè ti tán, ẹ̀ bá sì tètè wá ibòmíràn lọ. Àwọn ọ́fíìsì mìíràn ṣì ní àyè nígbà yẹn."

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ti kún."

Gàfárù yọ ìwé náà lápò, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi lé orí tábìlì. "Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí Ìyá Sẹ̀gilọlá pé kí Ọlọ́run gba àdúrà rẹ̀ níbẹ̀, arúgbó náà sì ṣe àmín pẹ̀lú omi lójú.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn wo Gàníyù.

"Dìde, kí o máa lọ sílé. Ìwọ lo máa sọ fún agboolé pé mi ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ ìyẹn, kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn pé mo fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀."